Ẹ Jẹ́ Kí Opó Kọ́kọ́ Rajà Lọ́jọ́ Kìn-ín-ní

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí i yín kú oṣù tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ọjọ́ tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù lẹ kà á, ó ṣeé ṣe kí fóònù yín ti kún fún àdúrà àfiránṣẹ́ láti òru: òdòdó pupa, àbẹ́là tó ń jó, "oṣù yìí á tù ẹ́ lára," àti ìkìlọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀ pé kí ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kó tó di ọ̀sán, kí oríire má baà fò yín kọjá. Kò burú. Èmi náà ti fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ rí. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí mo bá ìjà wá.

Ìjà mi kì í ṣe pẹ̀lú àdúrà. Ẹni tó bá jí ní òwúrọ̀, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, tó ní kí oṣù tó wọlé tura fún òun àti ará ilé òun, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ohun tí mò ń bá jà ni gbogbo èèwọ̀ àti ètùtù kéékèèké tí a kó lé orí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, tó jẹ́ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ló ń forí fá a. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti ṣiṣẹ́ fún èèwọ̀ yìí rí, mi ò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà.

Etí òkun Àgbádárìgì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní abúlé apẹja kan láàárín ìlú Àgbádárìgì àti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ wà, àwọn tó ti Gánà wá dẹ àwọ̀n náà wà. Ẹja ni ìyá mi ń yan tà.

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù ní òfin tirẹ̀. Owó kì í jáde lọ́jọ́ náà. Ẹni tó jẹ gbèsè, tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní san án. Á ní òun ò fẹ́ kí owó máa jáde lọ́wọ́ òun títí oṣù á fi parí. A kì í tajà àwìn. Aládùúgbò kò gbọdọ̀ wá tọrọ iyọ̀ tàbí iná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn obìnrin kan á ti lọ bu omi òkun sínú ike, wọ́n á fi wọ́n iwájú ìsọ̀ wọn. Àwọn mìíràn á ju owó wẹ́wẹ́ sínú omi náà kí wọ́n tó bù ú. Ṣùgbọ́n èyí tó ga jù lọ ni ti àkọ́tà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbà pé ó máa pinnu bí ọjà oṣù náà ṣe máa rí. Tó bá jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa, o ríṣe. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ burúkú, o gbé.

Ta wá ni ẹlẹ́sẹ̀ burúkú? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí à ń pè ní Ìyá Alágbọn, torí ó máa ń ra àgbọn, ó sì ń fi ṣe àdí. Ọkọ rẹ̀ wọ òkun lọ́jọ́ kan, kò padà wá. Kò pẹ́ sí i, ibà mú àkọ́bí rẹ̀ lọ. Wọ́n bá a sunkún nígbà tó ṣẹlẹ̀, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ nígbà tí ẹkún tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dáa. Ó ń se oúnjẹ tà fún àwọn tó ń gun àgbọn, nítorí náà àárọ̀ kùtù ló máa ń wá ra ṣàwá lọ́wọ́ ìyá mi, kí àwọn oníbàárà tirẹ̀ lè jẹun kí oòrùn tó mú.

Iṣẹ́ tèmi lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù ni kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí n máa wo iwájú. Bí mo bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, màá sáré pàdé rẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ dúró ná, ìyá mi ò tíì jí." Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí, ohùn ìyá mi ń bọ̀ látẹ̀yìn mi, òun àti ọkùnrin kan ń ná ẹja. Ìyá Alágbọn wò mí. Ó ní, "Kò burú, ọkọ mi. Bá mi kí wọn tí wọ́n bá jí." Ó yíjú padà tòun ti agbọ̀n rẹ̀. Ọjà Agbalata ló wọkọ̀ lọ ra ẹja lọ́jọ́ náà. Ó san owó ọkọ̀ lọ, ó san owó ọkọ̀ bọ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé oúnjẹ kaná.

Kò bá mi jà. Kò bá ìyá mi jà. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn títí dòní.

Nígbà tó kú, mo ti dàgbà, mo ti kúrò nílé. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ló kú. Ó yẹ kí wọ́n sin ín ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù nìyẹn, wọ́n sì ní kò bójú mu kí àdúgbò fi òkú bẹ̀rẹ̀ oṣù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó sin ín. Àní òkú rẹ̀ pàápàá, wọ́n ní kó dúró ná.

Ìyá mi ló sọ èyí fún mi. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni ìyá mi o. Nínú gbogbo obìnrin tó dáwó ìsìnkú náà, tirẹ̀ wà lára èyí tó pọ̀ jù. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an nìyí. Èèwọ̀ yìí kò nílò èèyàn burúkú láti fi ṣiṣẹ́ ibi. Àwọn èèyàn dáadáa ló ń lò, àwọn ìyá tó ń wá ohun tí ọmọ wọn á jẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á kọ́kọ́ sọ. Wọ́n á ní àṣà wa ni. Wọ́n á ní ọmọ ìwé ti dé, ó ti fẹ́ fi ẹnu ba ti àwọn baba wa jẹ́. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn baba wa léèrè.

Kàlẹ́ńdà tó ń sọ fún wa pé òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní, Róòmù ló ti wá. Póòpù Gregory Kẹtàlá ló tún un ṣe ní 1582. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ò gbà á títí di 1752. Àwọn ajíhìnrere gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba ìlú náà sábẹ́ ara rẹ̀ ní 1863. Ọwọ́ wọn ni a ti gba kàlẹ́ńdà yìí, òun àti ọ́fíìsì àti owó oṣù.

Kí wọ́n tó dé, ojú ọ̀run ni àwọn baba wa ti ń ka oṣù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé oṣù lé. Oṣù tó wà lókè àti oṣù tí à ń kà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Láti ìgbà tí ọ̀kan bá lé títí dìgbà tí òmíràn á lé jẹ́ ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Méjìlá irú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354, kò tó 365. Nítorí náà, ọjọ́ kìn-ín-ní ti kàlẹ́ńdà àti oṣù tó wà lókè kì í rìn pọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó ti tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án tí oṣù ti yí padà, ó ti ń kún lọ. Ọjọ́ méjèèjì la fi "oṣù tuntun" kí ara wa. Oṣù wo ló tuntun nínú wọn?

Apẹja tó ń wojú oṣù kì í ṣe aláìmọ̀kan. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá kún, oòrùn àti oṣù máa ń fa omi òkun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á ga ju ti tẹ́lẹ̀, á sì tún fà sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù bá jẹ́ ìlàjì, agbára omi á dínkù. Ẹni tó mọ èyí á mọ ìgbà tó yẹ kó ti ọkọ̀ sómi àti ìgbà tó yẹ kó fa àwọ̀n. Ẹnikẹ́ni lè jókòó sétí òkun kó wò ó bóyá òótọ́ ni. Ìmọ̀ nìyẹn, ìran kan ló sì fi lé ìran kejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí apẹja kan ní ayé àtijọ́ tó lè sọ fún yín pé òkun mọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án yàtọ̀ sí ọjọ́ kẹrìnlá. Òkun ò ní kàlẹ́ńdà.

Ọjà náà ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, tí wọ́n ń pè ní ọrún torí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ ń pàdé ní ìtàdógún, wọ́n ń dá èésú. Samuel Johnson ṣàlàyé èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n fi wá oríire owó: wọ́n ń dá a jọ, wọ́n sì ń gbé e fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dá ni yóò kó, ọkọ rẹ̀ ì báà wà láyé, ì báà ti kú. Èyí ni kí ẹ pè ní àṣà fún mi, mo gbà. Èyí tí a fi ń lé opó sẹ́yìn lọ́jọ́ tí Póòpù kan yàn, mi ò gbà á láṣà.

Èrò tèmi ni pé owó oṣù ló bí i. Nígbà tó jẹ́ pé ìparí oṣù ni owó ń wọ ọwọ́ akọ̀wé àti olùkọ́ àti ọlọ́pàá, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni ọjà ń gbóná. Oníṣòwò bá rí i pé ọjọ́ kìn-ín-ní ń mówó wá. Dípò kó sọ pé iṣẹ́ ìjọba ló mú un wá, ó ní ọjọ́ náà ló lágbára. Látibẹ̀ la ti ń bọ ọjọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwà èèyàn dúdú ni. Ní Ìlú Ọba, títí dòní, àwọn kan wà tó jẹ́ pé orúkọ ehoro ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá bí wọ́n bá jí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kí oṣù náà lè dáa. Ní ilẹ̀ Scotland, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn aago méjìlá òru ọdún tuntun ni wọ́n ń sọ pé ó gbé oríire ọdún náà wá. Ọkùnrin onírun dúdú ni wọ́n ń fẹ́. Obìnrin ńkọ́? Láyé ìgbà kan, wọn ò fẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé. Onírun pupa náà, kó dúró síta. Ṣé ẹ rí i? Ibi yòówù kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́ṣà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró síta nínú òtútù, ẹni náà kì í sì í sábà jẹ́ olówó àdúgbò.

Òmíràn ti tún dé báyìí láti orí TikTok. Wọ́n ní kí o bu sínámọ́nì lílọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí o dúró sẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, kí o fẹ́ ẹ wọlé, owó á tẹ̀ lé e wọlé. Àbúrò mi obìnrin kan ṣe é níṣojú mi. Sínámọ́nì tó rà, owó rẹ̀ tó ra gáàrí tí wọ́n máa jẹ fọ́jọ́ méjì. Nígbà tó fẹ́ ẹ tán, ó gbálẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó ń gbá owó dànù, ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín nìyẹn, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo mẹ́nu kàn án kí ẹ lè rí i pé ohun tí à ń pè ní àṣà ìbílẹ̀, ó lè jẹ́ pé orí fóònù la ti kà á lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́, torí pé àwọn ló pọ̀ jù nínú wa. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ń ṣe ìsìn oṣù tuntun. Ìjọ náà sì pọ̀ létí òkun wa. Ìjọ Ìràpadà ń pe àwọn èèyàn jọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ẹ ṣí ìwé wòlíì Aísáyà, orí kìn-ín-ní. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti sọ pé àjọ̀dún oṣù tuntun wọn ti sú òun. Ẹ ka ẹsẹ díẹ̀ sí i, ẹ máa rí ohun tó ní kí wọ́n ṣe dípò rẹ̀: kí wọ́n gba ẹjọ́ aláìníbaba rò, kí wọ́n gbèjà opó. Inú orí kan náà ni oṣù tuntun àti opó ti pàdé, ọ̀dọ̀ opó ni Ọlọ́run sì dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òróró ya ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, tí ẹ sì ń rán ọmọ lọ dá opó padà lójú ọ̀nà, Bíbélì wo lẹ̀ ń kà?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì kú, tí oòrùn sì ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Ànábì fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Ọmọ tirẹ̀ ló kú o, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú ọ̀run ṣe àmì. Ta sì ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́? Hadíjà, opó tó ń ṣòwò. Ká ní ìyá mi ló ni ìsọ̀ ní Mẹ́kà nígbà náà, mo bẹ̀rù pé èmi ni wọn ì bá rán lọ dá Hadíjà dúró.

Oníṣẹ̀ṣe ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ Ifá ń yípo bí ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa ṣe ń yípo, kò bá kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì rìn. Ohun tí wọ́n sì fi kọ́ wa ni pé oníkálukú ló yan orí tirẹ̀ wá sáyé. Tó bá jẹ́ pé orí tèmi ni mo gbé wá, báwo ni ẹsẹ̀ opó kan ṣe wá lágbára láti ba orí náà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú tó fi ra ṣàwá ẹgbẹ̀rún náírà? Àbí orí wa ti rọ tó bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tó ń sá fún ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti bú orí ara rẹ̀.

Kò sí ẹ̀sìn kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbè é lẹ́yìn. Àwa náà la dá a sílẹ̀, àwa la ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ohun tó ba oṣù jẹ́ fún wa ní tòótọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa. Títí di oṣù Kejìlá 2020 ni Sẹ̀mẹ̀ wà ní títì fún ọjà. Ó lé ní ọdún kan gbáko. Àwọn tó ń ta ìrẹsì, àwọn aláròóbọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́, àwọn tó ń se oúnjẹ tà lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ló rí i. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ọjọ́ kìn-ín-ní ò yéé dé, omi òkun ò yéé wọ́n síwájú ìsọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Kí oṣù náà tó parí, jálá epo bẹntiróòlù kan ti kúrò ní nǹkan bíi náírà 185, ó ti di 488 ní Èkó. Epo yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ń mu. Òun náà ni bọ́ọ̀sì tó ń na Àgbádárìgì sí Mile 2 ń mu. Nígbà tí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà mọ́, àdúrà "oṣù tuntun á tù wá lára" rọ̀ bí òjò sórí fóònù wa, owó ọkọ̀ sì ti fò sókè.

Mo fẹ́ bi yín: èwo nínú wọ̀nyí ni Ìyá Alágbọn fà? Òun ló ti ẹnubodè? Òun ló fọwọ́ sí owó epo? Àwọn tó fọwọ́ sí i, ìlú Àbújá ni wọ́n wà, a ò sì rán ọmọ kankan láti lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró ná. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Bí a bá ti rí aláìlágbára kan tí a lè di ẹ̀bi ọjà tí kò tà rù, a kì í bèèrè lọ́wọ́ alágbára mọ́.

Àwọn kan á ní, "Ìwọ náà ti le jù. Ìrètí lásán ni, ó ń mú ọkàn le. Kò ṣe nǹkan fún ẹnikẹ́ni." Mo gbà pé ìrètí dáa. Ojoojúmọ́ ni oníṣòwò nílò rẹ̀. Àmọ́ ẹ yé sọ pé kò ṣe nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣe nǹkan fún ẹni tó wọkọ̀ lọ Agbalata. Ó ṣe nǹkan fún ẹni tó yá ọ lówó, tó ní ọmọ tó ń ṣàìsàn, tí o sì ní kó padà wá lọ́la torí òní jẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ṣe nǹkan fún ìyá mi pàápàá, torí owó ẹja tó kọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Alágbọn, owó ni. Oníbàárà tó ń bọ̀ ní gbogbo àárọ̀, tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀, ìyá mi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé e lọ sọ́jà ẹlòmíràn, ó sì ń pe ìyẹn ní wíwá oríire.

Àwọn mìíràn á ní, "Ó máa ń ṣẹ. Mo ti rí i." Mo gbà pé ẹ rí i. Ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù wá lóṣù kan, ọjà ò tà, ẹ rántí rẹ̀ títí dòní. Oṣù mélòó ló wá, tí ọjà tà? Ẹ ò rántí, torí pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ìyẹn. Oṣù mélòó ni aboyún ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ṣí ọjà, tí ẹja sì bàjẹ́ sọ́wọ́ yín? Ìyẹn, ẹ ní òjò ló fà á. Bí opó bá ṣí ọjà, tí òjò rọ̀, opó ló jẹ̀bi. Bí aboyún bá ṣí i, tí òjò rọ̀, òjò ló jẹ̀bi. Irú ẹjọ́ wo la ń dá yìí?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó wúwo lọ́kàn mi, tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa nìkan. Omi òkun tí ẹ ń bù láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn, ẹ mọ ìtàn rẹ̀. Bí ẹ bá wọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà láti Marina Àgbádárìgì, erékùṣù Gberefu lẹ máa gúnlẹ̀ sí. Ọ̀nà iyanrìn tó wà níbẹ̀ ni wọ́n mú àwọn èèyàn wa rìn gbà, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, títí dé etí òkun tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró dè wọ́n. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ ń sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ilẹ̀ wa mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn wo èèyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó má rí nǹkan mìíràn lára rẹ̀ ju èrè tàbí òfò lọ. Ó yẹ kó jẹ́ àwa, ju gbogbo ará Èkó lọ, ni ara wa á kọ́kọ́ bù máṣọ nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnìkan ń pe obìnrin kan ní òfò.

Mi ò sọ pé kí ẹ má ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù. Ọjọ́ tó bá rọrùn láti rántí dáa fún iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ ṣí ìwé ìṣirò yín lọ́jọ́ náà, kí ẹ rí ibi tí owó oṣù tó kọjá gbà lọ. Ẹ san gbèsè tí ẹ bá lè san, kí ẹni tó yá yín lówó lè fi bẹ̀rẹ̀ oṣù tirẹ̀. Ẹ dá àjọ yín. Bí aládùúgbò bá wá tọrọ iyọ̀, ẹ bù ú fún un. Iyọ̀ òkun kò tíì tán láti ọjọ́ tí ayé ti ṣẹ̀. Ẹ gbàdúrà bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi àdúrà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá, ẹ yan ẹnìkan nínú mẹ́wàá náà, kí ẹ fi owó káàdì tàbí kọ́ńgò gáàrí kan tẹ̀ lé e.

Ní ti àkọ́tà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kí ẹ kọ́kọ́ tà fún. Tó bá jẹ́ opó, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ fún un ní èènì. Ẹ má rán ọmọ yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọmọ tí ẹ bá rán níṣẹ́ yẹn máa mọ irọ́ pa kó tó mọ ọjà tà, ó sì lè má gbàgbé láéláé. Èmi ò tíì gbàgbé.

Ìyá mi ṣì ń yan ẹja. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń yí ẹja lórí iná. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mi ò kórìíra òun." Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Màámi. Ta ló sọ fún un?" Kò dá mi lóhùn. Mi ò sì tẹnu mọ́ ọn, torí ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ ro irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dópin.

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, opó tiyín ṣì wà láyé. Ó lè jẹ́ pé ó máa gba iwájú ìsọ̀ yín kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹ pè é. Ẹ ní kó wá ṣí ọjà fún yín.